Bí a ṣe ń gbin róòsì aṣálẹ̀ sínú ọgbà ilé láìfi omi pa á

Òùngbẹ kì í sábà pa róòsì aṣálẹ̀, omi ló ń pa á. Ẹni tó bá gbé e sínú ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá, tó ń bu omi sí i láràárọ̀ bí ẹni ń tọ́jú ẹ̀fọ́, kò ní pẹ́ rí i pé ewé ti ń pọ́n, ìdí igi ti rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù, òórùn sì ti ń jáde níbẹ̀.

Adenium obesum ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Kì í ṣe ẹbí róòsì gidi. Igi òdòdó tí wọ́n ń pè ní oleander ni ìbátan rẹ̀. Láti Sẹ̀nẹ̀gàl ló ti ń hù, ó gba Sàhẹ́lì kọjá dé Súdàánì, ó sọ̀ kalẹ̀ dé Kẹ́ńyà àti Tàǹsáníà, ó sì tún wà ní Yemen àti Saudi Arabia ní òdìkejì Òkun Pupa. Inú pàlàpálá àpáta àti yanrìn ló fẹ́ràn, níbi tí òjò ti ń rọ̀ fún oṣù díẹ̀, tí ọ̀gbẹlẹ̀ sì ń gba ìyókù ọdún. Ìdí rẹ̀ tó wú bọ̀m̀bọ̀ yẹn ni àmù rẹ̀: ibẹ̀ ló ń pọn omi òjò sí, ibẹ̀ náà ló ti ń bù ú mu nígbà tí òjò bá dá. Àmù náà la ó máa pè é nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Nínú igbó, igi náà lè ga tó mítà 1 sí 3. Nínú ìkòkò, tí ẹ bá ń gé e, kì í sábà kọjá mítà kan.

Ọ̀rọ̀ kan kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Májèlé ni oje rẹ̀, irú èyí tó ń da ìlù ọkàn rú. Àwọn ọdẹ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà ti fi ṣe oró ọfà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ má fi ọwọ́ yẹn nu ojú, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọ̀bẹ lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ má gbìn ín síbi tí ewúrẹ́, ajá tàbí ọmọdé tó ń ki nǹkan bọ ẹnu ti lè dé ìdí rẹ̀.

Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Ẹ po ilẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó wá irúgbìn rárá. Gbòǹgbò igi yìí ń mí. Tí omi bá dí gbogbo àlàfo inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tán nìyẹn. Gbòǹgbò á kú, èbu á sì gba ojú ọgbẹ́ náà wọ inú àmù. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òkúta. Abọ́ kan náà ni kí ẹ fi wọn ohun gbogbo:

- abọ́ 3 òkúta fífúyẹ́ bíi pumice tàbí perlite. Bí kò bá sí, bíríkì amọ̀ tí ẹ fọ́ wẹ́wẹ́, tí wóró rẹ̀ tó mìlímítà 3 sí 6
- abọ́ 1 yanrìn oníwóró ńlá, irú èyí tí bíríkìlà fi ń po kọnkéré
- abọ́ kan ààbọ̀ èèpo àgbọn tí wọ́n lọ̀
- ààbọ̀ abọ́ ajílẹ̀ tó ti jẹrà pátápátá, tí kò rùn mọ́

Ẹ fi asẹ́ jọ bíríkì àti yanrìn náà, kí ẹ da eruku tó bá jò sísàlẹ̀ nù. Eruku yẹn ló máa ń di ẹrẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí ilẹ̀ tó dára lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í di omi mú. Èèpo àgbọn sábà máa ń ní iyọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, kí ẹ sì tún ṣan án lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí iyọ̀ kan náà ni yanrìn etí òkun kò ṣe dára.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ilẹ̀ náà ti dáa: ẹ bu omi sí ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un mọ́ ọwọ́ gírí, kí ẹ wá ṣí ọwọ́. Tó bá dúró bí ìṣù, òkúta inú rẹ̀ kò tíì tó. Tó bá ń tú ká fúnra rẹ̀ kí ẹ tó ṣí ọwọ́ tán, ó ti tó. Ẹ tún da ilẹ̀ náà sínú ìkòkò, kí ẹ rọ omi lé e: kò gbọ̀dọ̀ sí adágún lójú ilẹ̀, omi sì gbọ́dọ̀ yọ nísàlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́wàá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da òkúta sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí omi lè tètè jò. Òdìkejì ohun tí wọ́n ń retí ló ń ṣẹlẹ̀. Omi kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀ kíkúnná bọ́ sínú òkúta ńlá, àfi tí ilẹ̀ òkè bá kún dẹ́nu; ìpele tútù tí ì bá wà nísàlẹ̀ pátápátá á wá gòkè sún mọ́ àmù. Irú ilẹ̀ kan náà ni kó wà láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀n kékeré lójú ihò kí ilẹ̀ má bàa jò dànù.

Ìkòkò ni àbí ilẹ̀ ọgbà?

Òtútù ló máa sọ. Tí ooru bá ti rẹlẹ̀ sí 15°C, igi á wọ́ ewé, á sì sùn. Lábẹ́ 10°C ó ń fara pa, bí omi bá sì di yìnyín lára rẹ̀, ó kú. Níbi tí òru bá máa ń tutù báyẹn, inú ìkòkò ni kó wà kí ẹ lè gbé e wọlé.

Ìkòkò amọ̀ ló dára jù, nítorí ara rẹ̀ ń mí. Kó fẹ̀ ju bó ṣe jìn lọ, kó ní ihò tó pọ̀, kí àyè sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 péré sì wà láàárín àmù àti etí ìkòkò. Ìkòkò ràbàtà fún igi kékeré jẹ́ ọ̀fìn: ilẹ̀ tí gbòǹgbò kò tíì dé kì í tètè gbẹ.

Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ọgbà, ẹ kọ ebè fún un bí ẹni kọ ebè iṣu, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a pò lókè yìí ni kí ẹ fi kọ ọ́: gíga rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 30 ó kéré tán, fífẹ̀ rẹ̀ mítà kan. Òkè ebè ni kí igi dúró sí. Oòrùn gbọ́dọ̀ bá a fún wákàtí 6 lójúmọ́, ó pẹ́ ni, ó yá ni. Ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn ń gbóná sí dára gan-an, àmọ́ kì í ṣe abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé. Omi tó ń dà láti orí páànù sójú kan náà lọ́jọ́ òjò lè ba ebè tó dára jù lọ jẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ gbin ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi mítà kan sí mítà kan ààbọ̀ sáàárín wọn.

Gbígbìn láti inú irúgbìn

Irúgbìn ló ń bí àmù gidi. Ẹ̀ka tí a gé gbìn máa ń tètè yọ òdòdó, àwọ̀ òdòdó rẹ̀ á sì bá ti ìyá rẹ̀ mu géérégé, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ lè wà ní tẹ́ẹ́rẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó fẹ́ àmù ńlá, kó gbin irúgbìn. Ẹni tó fẹ́ àwọ̀ kan pàtó, kó gé ẹ̀ka.

1. Ẹ wá irúgbìn tuntun. Ó gùn bí igi ìṣáná tí a ṣẹ́ kékeré, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì ní ìrun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí méjèèjì. Èyí tó bá fọ́ lábẹ́ ìka ti ṣófo.

2. Ẹ ya ìrun náà kúrò, kí ẹ rẹ irúgbìn sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí 2 sí 4. Ẹ má jẹ́ kó sùn sómi.

3. Ẹ tẹ́ ẹ gbọọrọ sórí ilẹ̀ tútù, ẹ má fi í dúró lóòró. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 3 sáàárín ara wọn, kí ẹ wá fi ilẹ̀ tó nípọn tó mìlímítà 3 sí 5 bò ó. Èyí tó bá jìn jù á jẹrà kó tó dé òkè.

4. Ẹ gbé e síbi tó mọ́lẹ̀ tó sì móoru, láàárín 27 sí 32°C, kí oòrùn ọ̀sán má jó o. Ẹ máa fọ́n omi sí i fẹ́ẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Irúgbìn tuntun á yọ láàárín ọjọ́ 3 sí 10.

5. Tí ẹ bá ti fi ọ̀rá bò ó, ẹ ṣí i kúrò lọ́jọ́ tí àkọ́kọ́ bá yọrí. Ọ̀rinrin tó há mọ́ abẹ́ ọ̀rá ló ń mú kí ọmọ igi ṣubú lójijì, tí ọrùn rẹ̀ á tín-ín-rín bí òwú níbi tó ti kan ilẹ̀. Èyí tó bá ti ṣubú ti lọ. Ẹ yọ ọ́ dànù, ẹ dín omi kù, kí ẹ sì jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí àwọn tó kù.

6. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ẹ lọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìkòkò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10. Ẹ mú un mọ́ oòrùn díẹ̀díẹ̀: wákàtí méjì oòrùn àárọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mẹ́rin lọ́sẹ̀ kejì, kó tó di pé ẹ gbé e síta pátápátá.

Igi tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ gbẹ fún ìgbà pípẹ́. Àmù rẹ̀ ṣì kéré, omi tó wà níbẹ̀ kò lè gbé e kọjá ọ̀gbẹlẹ̀. Ìmọ̀ràn "ẹ jẹ́ kó gbẹ" tí ẹ ó bá pàdé nísàlẹ̀, igi tó ti dàgbà ló wà fún. Òdòdó àkọ́kọ́ sábà máa ń yọ láàárín ọdún kan sí méjì.

Ti ẹ̀ka kò ní wàhálà púpọ̀. Ní àsìkò ooru, ẹ gé èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, tó nípọn tó àtàǹpàkò. Ẹ ṣan oje kúrò, ẹ gbé e síbi òjìji fún ọjọ́ 3 sí 5 títí ojú ọgbẹ́ á fi gbẹ tí á le, kí ẹ wá ri sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5 rẹ̀ mọ́lẹ̀. Omi díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó o. Ẹ má fà á wò. Tí ewé tuntun bá ń ràn, gbòǹgbò ti wà nísàlẹ̀.

Omi

Ẹ má ka ọjọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ fún yín pé ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin tàbí mẹ́jọ-mẹ́jọ ni, nítorí ooru, atẹ́gùn, ìtóbi ìkòkò àti ilẹ̀ ló ń yí i padà. Ẹ bi igi fúnra rẹ̀.

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àmù. Tó bá le bí iṣu tútù, omi wà nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá tẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ìka, bíi bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń jò, òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́. Ẹ wá ki igi gbígbẹ pẹlẹbẹ bọ ilẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 7, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fà á yọ. Tí ilẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn tàbí tó bá tutù lára, kò tíì yá.

Ibi tó ti ń rú ènìyàn lójú nìyí: igi tí òùngbẹ ń gbẹ àti igi tó ń jẹrà, àwọn méjèèjì ló ń rọ̀. Ẹni tó bá rí i pé àmù rọ̀, tó sì sáré lọ bu omi, lè máa bu omi sí òkú. Rírọ̀ òùngbẹ máa ń kárí àmù yípo, awọ rẹ̀ á hunjọ díẹ̀, ilẹ̀ á sì gbẹ táútáú. Rírọ̀ ìjẹrà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, ojú ibẹ̀ á dúdú tàbí kó ri bí ibi tí nǹkan ti gbá, ìka á rì wọlé, ilẹ̀ ìdí rẹ̀ á ṣì tutù. Tó bá jẹ́ òùngbẹ ni, omi kan péré á mú un le padà láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Nígbà tí ẹ bá máa bomi rin ín, ẹ fún un ní àmuyó: ẹ rọ omi yíká títí yóò fi máa jò nísàlẹ̀, kí ẹ da èyí tó bá wà nínú àwo abẹ́ rẹ̀ nù. Omi gẹ̀lẹ́gẹ̀lẹ́ ojoojúmọ́ kò dára, torí ojú ilẹ̀ nìkan ló ń rin, gbòǹgbò á sì jókòó sókè. Àárọ̀ ni kí ẹ ṣe é. Tí òjò bá ń rọ̀ lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹ gbé ìkòkò sábẹ́ òrùlé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí omi má rọ́ sí i. Nígbà òtútù, tó bá ti wọ́ ewé, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá omi dúró pátápátá. Igi tí kò ní ewé kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi.

Ajílẹ̀ kò tó ohun tí à ń gbìyànjú lé lórí. Ìdajì ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nígbà tó ń yọ ewé tuntun nìkan, lórí ilẹ̀ tó ti tutù tẹ́lẹ̀. Èyí tí náítrójìn rẹ̀ bá pọ̀ á fún yín ní ewé ràgàjì àti ẹ̀ka gbọọrọ tó ń tẹ̀, láìsí òdòdó.

Gígé ẹ̀ka àti gbígbé àmù yọ

Orí ẹ̀ka ni òdòdó ń jókòó sí, nítorí náà bí orí ẹ̀ka bá ṣe pọ̀ tó ni òdòdó á ṣe pọ̀ tó. Níbẹ̀rẹ̀ àsìkò ooru, ẹ gé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kù sí sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10. Ọ̀bẹ mímú tí ẹ fi sípíríìtì nù ni kí ẹ lò, kí ẹ gé e ní dídagun kí omi má bàa dúró lójú ọgbẹ́. Ẹ bu ìyẹ̀fun imí ọjọ́ sí i, kí ẹ má sì jẹ́ kí omi kan ibẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹ̀ka méjì sí mẹ́rin ló sábà máa ń yọ níbi tí a ti gé ọ̀kan.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kan tàbí méjì, ní àsìkò kan náà, ẹ hú u, ẹ gbọn ilẹ̀ àtijọ́ kúrò, kí ẹ rẹ́ àwọn gbòǹgbò wíńníwínní tó wà lókè. Tí ẹ bá ti gé gbòǹgbò, ẹ jẹ́ kó wà níbi òjìji fún ọjọ́ 3 sí 5 kí ọgbẹ́ gbẹ. Tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ gbé e ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, kí àmù lè yọrí díẹ̀. Ẹ má gbé e yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Awọ tó ti ń gbé inú ilẹ̀ kò mọ oòrùn, á jó, àpá rẹ̀ kì í sì í tán. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Omi kò gbọdọ̀ kàn án fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ẹ bá tún un gbìn.

Tí ìjẹrà bá ti wọlé

Ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ hú igi náà, ẹ fọ gbòǹgbò, kí ẹ fi ọ̀bẹ bó gbogbo ibi tó rọ̀. Ara tó sàn máa ń funfun tàbí kó ní àwọ̀ wàrà, ó sì le. Ibi tó bá ní àwọ̀ ilẹ̀, kódà tó bá jẹ́ ìlà tín-ín-rín, ìjẹrà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ máa bó o lọ títí kò fi ní sí ìlà kankan mọ́, kí ẹ sì máa fi sípíríìtì nu ọ̀bẹ láàárín ìgé kan sí èkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ń fi ọwọ́ ara yín gbin èbu náà síwájú. Ẹ da imí ọjọ́ bo ojú ọgbẹ́, ẹ so igi kọ́ síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Igi tí ó pàdánù ìdajì àmù rẹ̀ ṣì lè yè. Tí ìlà náà bá ti gba àárín gòkè dé ẹ̀ka, ẹ gé orí ẹ̀ka tó ṣì mọ́ kí ẹ fi ṣe ẹ̀ka gbígbìn, kí ẹ sì da ìyókù nù.

Àwọn kòkòrò

Kòkòrò yẹ́lò kéékèèké tó ń kóra jọ sí orí òdòdó: ẹ fi omi líle fọ̀ wọ́n dànù. Èyí tó funfun bí òwú ní oríkèé ewé: ẹ fi òwú tí ẹ rì sínú sípíríìtì nù ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún yẹ gbòǹgbò wò. Tí ewé bá ń ri wínníwínní bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, tí òwú tín-ín-rín sì wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn kòkòrò pupa tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí ni; ibi gbígbẹ ni wọ́n fẹ́, ẹ máa fọ́n omi sábẹ́ ewé láàárọ̀. Òróró dongóyárò, ṣíbí kékeré kan nínú lítà omi kan pẹ̀lú ọṣẹ olómi díẹ̀, ń ṣiṣẹ́ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn, torí òróró àti oòrùn ọ̀sán á jó ewé.

Tí ẹ bá fẹ́ irúgbìn tiyín

Igi méjì tí irúgbìn wọn yàtọ̀ ni ẹ nílò, nítorí ọ̀pọ̀ igi kì í gba àtíkè tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó tó ń mú un so èso. Ẹ̀ka méjì tí ẹ gé lára igi kan náà, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́. Ẹ ya ẹ̀gbẹ́ òdòdó kan, ẹ ó rí ṣóńṣó kékeré kan nínú rẹ̀ tí àlàfo tóóró wà lára rẹ̀. Ẹ ki ẹnu okùn ìpẹja tẹ́ẹ́rẹ́ bọ àlàfo yẹn, ẹ fà á sókè. Àtíkè yẹ́lò á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ mú un lọ ki bọ irú àlàfo kan náà lára òdòdó igi kejì, sí ìsàlẹ̀ dáadáa. Bó bá gbà, òdòdó á rẹ̀, èso méjì tó dà bí ìwo ewúrẹ́ á sì yọ níbẹ̀. Ó lè gba oṣù méjì sí mẹ́rin kó tó gbó. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ń kúrò ní ti ewé, ẹ fi òwú wé e yípo láti orí dé ìdí, torí ọjọ́ tó bá là, atẹ́gùn á kó gbogbo irúgbìn náà lọ pẹ̀lú ìrun rẹ̀. Ẹ gbìn ín láàárín oṣù mẹ́ta; ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ já a sára àpò ìwé tí ẹ bá kó o sí.